Ikọ́ Ife: Ta Ni Wọ́n Kà, Ibo Ni Wọ́n sì Kà Á Sí?

Nílé oníyán kan ní Baṣírì, ní Adó-Èkìtì, ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Rédíò wà lójú fèrèsé, ó ń ka ìròyìn, kò sẹ́ni tó kọbi ara sí i. Àfi ìgbà tí wọ́n ní lọ́dún 2019, àwọn tí wọ́n rí tó ní ikọ́ ife ní Nàìjíríà jẹ́ 120,266, àmọ́ nígbà tó fi máa di 2023, wọ́n ti lé ní 371,000. Ọmọ odó dúró lọ́wọ́ Màmá oníyán.

"Ìlọ́po mẹ́ta láàárín ọdún mẹ́rin? Háà! Ukọ́ yìí mà fẹ́ kó wa tán."

Bàbá kan tó ń fi òkèlè gbá ẹ̀gúsí ní irọ́ ni wọ́n ń pa, owó ni wọ́n ń wá lọ́wọ́ òyìnbó. Èmi ò tíì sọ nǹkan kan. Uyán kì í ṣe ohun tí èèyàn ń jẹ́ kó tutù nítorí àríyànjiyàn. Ṣùgbọ́n mo ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ nídìí fáìlì àti rẹ́jísítà aláìsàn, mo sì mọ̀ pé àwọn méjèèjì ló ṣi ọ̀rọ̀ náà gbọ́.

Iye tí rédíò kà yẹn kì í ṣe iye àwọn tí ikọ́ ife mú. Iye àwọn tí wọ́n rí ni, tí wọ́n yẹ̀ wò, tí orúkọ wọn sì wọ ìwé. Ọ̀tọ̀ ni kí nǹkan wà, ọ̀tọ̀ ni ká rí i.

Èkìtì là wà, ẹ jẹ́ ká fi iṣu ṣe é. Àgbẹ̀ kan ní Ìkọ̀lé kọ ebè 1,000. Iṣu tó bá kó dé ọjà, ẹnikẹ́ni lè kà á lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó ṣì wà nínú ebè ńkọ́? A kàn lè fojú bù ú ni. Tó bá kó 200 wá sọ́jà lọ́dún tó kọjá, tó wá kó 600 wá lọ́dún yìí, ṣé iṣu ló ta ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ni, àbí ọkọ̀ tó ń gbé e wá ló pọ̀ sí i? Ẹni tó jókòó sọ́jà nìkan ò lè mọ̀. Ó dìgbà tí ẹnì kan bá dé oko.

Iye mẹ́ta ló máa ń bọ́ sínú ìròyìn ikọ́ ife, àwọn oníròyìn wa sì máa ń gbé aṣọ ọ̀kan wọ èkejì. Ọ̀kan ni iye àwọn tí àìsàn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ mú láàárín ọdún kan. Èkejì ni iye àwọn tó wà lára wọn bí a bá dúró lọ́jọ́ kan ṣoṣo tí a ka gbogbo ìlú, tuntun àti àtijọ́. Ẹ̀kẹta ni iye àwọn tí wọ́n kọ sílẹ̀ nílé ìwòsàn. Ká ní ikọ́ ife mú ẹnì kan nínú oṣù Ọ̀wàrà 2022, tó ń mu àgbo, tó ń ra oògùn ikọ́ lọ́dọ̀ kẹ́mísìtì, tí kò dé ibi tí wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò títí di oṣù Ẹrẹ́nà 2023. Nínú iye àkọ́kọ́, ẹni 2022 ni. Nínú ìkẹta, ẹni 2023 ni. Ẹni tó bá sì wá kà á lọ́jọ́ Kérésìmesì, yóò bá a nílé tó ń wúkọ́. Ènìyàn kan ṣoṣo rèé o, ibi mẹ́ta ló ti fara hàn.

Àwọn kan tún wà tí kòkòrò àrùn náà sùn sínú ara wọn láìṣe wọ́n ní nǹkan kan. Bí ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo ènìyàn ayé ni wọ́n fojú bù pé ó wà lára wọn, àwọn tó pọ̀ jù nínú wọn ni kò sì ní ṣàìsàn rẹ̀ láéláé. Wọn ò sí nínú ọ̀kankan nínú àwọn iye mẹ́ta wọ̀nyẹn. Mo sọ èyí nítorí pé mo ti rí i tí ẹnì kan lórí WhatsApp gbé ìdá kan nínú mẹ́rin yẹn, tó ní ìdá kan nínú mẹ́rin ọmọ Nàìjíríà ló ní ikọ́ ife.

Báwo ni wọ́n wá ṣe mọ ohun tó wà nínú ebè? Wọ́n wa díẹ̀ wò. Lọ́dún 2012, Nàìjíríà ṣe ìwádìí kan káàkiri orílẹ̀-èdè. Wọn ò dúró kí aláìsàn wá bá wọn. Àwọn ló lọ bá àwọn ènìyàn ládùúgbò wọn. Àwọn 44,186 tó ti tó ọmọ ọdún 15 sókè ló kópa níbẹ̀. Wọ́n bi wọ́n nípa ikọ́, wọ́n ya àyà wọn ní ẹ́síréè, wọ́n sì gba kẹ̀lẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ara bá fu sí. Ìṣirò tó jáde níbẹ̀ ni pé nínú 100,000 àgbàlagbà, 524 ló ní àìsàn náà lára tí àyẹ̀wò kẹ̀lẹ̀bẹ̀ sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Èyí ju ohun tí gbogbo ènìyàn ń rò tẹ́lẹ̀ lọ fíìfíì.

Ẹ wo ohun tó wá ṣẹlẹ̀. Kí àbájáde ìwádìí náà tó wọ inú ìṣirò, Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọdún 2012 pé ikọ́ ife ń mú ènìyàn tuntun 108 nínú 100,000 ní Nàìjíríà lọ́dún. Nígbà tí wọ́n máa kọ ti ọdún 2013, ó ti di 338. Ẹni tó bá tò ó tẹ̀ léra báyìí yóò pariwo pé àjàkálẹ̀ àrùn ti dé. Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀dọ̀fóró ọmọ Nàìjíríà láàárín ọdún méjèèjì yẹn o. Ojú tí wọ́n fi ń wò ó ló là. Nígbà tó yá, wọ́n tún ìṣirò náà ṣe, ó wálẹ̀ sí 219, ibẹ̀ ló sì wà láti 2016 títí kan 2023. Ẹ má rò pé nítorí tí 219 dúró gbọin, àìsàn náà ló jókòó sójú kan. Iye àfojúbù ni. Ìpìlẹ̀ tí wọ́n gbé e lé ni kò yí padà.

Ibi tó máa ń da àwọn ènìyàn láàmú jù rèé. Bí 219 bá dúró sójú kan, báwo ni iye àwọn tí ikọ́ ife mú ṣe kúrò ní nǹkan bí 440,000 lọ́dún 2019, tó di nǹkan bí 499,000 lọ́dún 2023? Nítorí pé àwa fúnra wa ń bímọ ni. Nínú 100,000 kọ̀ọ̀kan, 219 ni, ṣùgbọ́n àwọn 100,000 náà ti pọ̀ sí i. Àti pé iye àwa ọmọ Nàìjíríà gan-an, àfojúbù lòun náà: ọdún 2006 la ka ara wa kẹ́yìn, tí wọ́n ní a jẹ́ 140 mílíọ̀nù. Látìgbà yẹn, ìṣirò la fi ń gbé e. Bí a bá fẹ́ kó rọrùn lójú, ìlú tó bá ní 20,000 ènìyàn, tí ọ̀rọ̀ tirẹ̀ bá sì rí gẹ́lẹ́ bíi ti gbogbo Nàìjíríà, nǹkan bí ènìyàn 44 ni ikọ́ ife yóò máa mú níbẹ̀ lọ́dún. "Bí ọ̀rọ̀ tirẹ̀ bá rí bíi ti gbogbo Nàìjíríà" ni mo wí o. Iye kan fún gbogbo orílẹ̀-èdè kò sọ ohun tó wà ní Ẹ̀fọ̀n tàbí ní Ọmùò.

Ẹ wá jẹ́ ká padà sórí ohun tí rédíò sọ. Lọ́dún 2019, 120,266 ni wọ́n rí nínú nǹkan bí 440,000 tí wọ́n fojú bù. Ìyẹn ìdá 27 nínú 100. Lọ́dún 2023, 371,000 nínú nǹkan bí 499,000, ìyẹn ìdá 74. Ká sọ ọ́ bí a ṣe ń sọ ọ́ nílé: nínú ènìyàn mẹ́rin tí ikọ́ ife mú lọ́dún 2019, ẹyọ kan ni wọ́n rí. Lọ́dún 2023, mẹ́ta. Ìròyìn ayọ̀ ni Màmá oníyán torí rẹ̀ gbé ọmọ odó dúró.

Òdì kejì rẹ̀ náà wà. Lọ́dún 2020, nígbà tí kòrónà sé gbogbo ayé mọ́lé, iye tí wọ́n kọ sílẹ̀ ní gbogbo àgbáyé já wálẹ̀ láti mílíọ̀nù 7.1 sí mílíọ̀nù 5.8. Ẹni tí kò bá mọ ìdí yóò ní ikọ́ ife ń dín kù. Irọ́ ni. Àwọn ènìyàn wà nílé tí wọ́n ń wúkọ́ síra wọn lójú, ilé ìwòsàn sì ti kún fún ọ̀rọ̀ mìíràn. Nàìjíríà wà lára àwọn díẹ̀ tí tiwọn gòkè lọ́dún yẹn: 138,591. Bí iye tó já wálẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rí pé àìsàn ń dín kù, bákan náà ni ti ìjọba ìbílẹ̀ tó bá kọ òdo ránṣẹ́ fún oṣù mẹ́ta. Kí a tó dúpẹ́, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ béèrè bóyá ẹ̀rọ àyẹ̀wò wọn ń ṣiṣẹ́.

Ó kù ibi tí wọ́n ti ń kọ orúkọ. Ẹ bá mi wọ ilé ìlera alábọ́ọ́dé kan. Tábìlì kan, àga méjì, fèrèsé ṣí gbayawu nítorí pé afẹ́fẹ́ ni ọ̀tá kòkòrò yìí. Nọ́ọ̀sì náà gbé ike kékeré onídèérí lé aláìsàn lọ́wọ́, ó ní kó lọ síta lábẹ́ igi, kó mí kanlẹ̀, kó wúkọ́ láti ìsàlẹ̀ àyà. Ọkùnrin náà padà dé. Nọ́ọ̀sì gbé ike sókè síhà ìmọ́lẹ̀. "Bọ̀dá mi, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ni mo ní kẹ́ ẹ gbé wá, itọ́ lẹ tu fún mi." Ó tún lọ. Ibẹ̀ gan-an ni ìṣirò orílẹ̀-èdè ti bẹ̀rẹ̀. Bó bá jẹ́ itọ́ lásán ló dé ẹ̀rọ àyẹ̀wò, ẹ̀rọ lè ní kò sí nǹkan kan, ẹnì kan yóò sì bọ́ sọnù nínú ìwé.

Bí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ bá dé ibi tí GeneXpert, ẹ̀rọ tó ń yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wò, wà, kò tó wákàtí méjì tí ẹ̀rọ náà yóò fi sọ bóyá kòkòrò wà níbẹ̀, àti bóyá Rifampicin, ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn oògùn ikọ́ ife, ṣì ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Nínú ìwé yàrá àyẹ̀wò, bíírò pupa ni wọ́n fi ń kọ ẹni tó bá ní in. Ẹ̀yìn ìyẹn ni rẹ́jísítà ńlá: ìwé kan tó fẹ̀ bíi tábìlì, tí wọ́n ti fi sẹ́lótéèpù di ẹ̀yìn rẹ̀, tí wọ́n so bíírò mọ́ pẹ̀lú òwú kí ẹnikẹ́ni má bàa jí i gbé. Orúkọ, ọjọ́ orí, àdúgbò, ẹni tó rán an wá, ibi tó mú lára (nítorí ikọ́ ife lè mú eegun ẹ̀yìn tàbí kókó ọrùn, kì í ṣe ẹ̀dọ̀fóró nìkan), bóyá ó ti gba oògùn rẹ̀ rí. Lẹ́yìn náà ni àyè fún àyẹ̀wò oṣù kejì, ìkarùn-ún àti ìkẹfà. Ìlà tó kẹ́yìn ló ṣe pàtàkì jù, òun náà ló sì sábà máa ń ṣófo: báwo ló ṣe parí?

Alábòójútó ètò ikọ́ ife àti ẹ̀tẹ̀ wà fún ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan. 16 ni ìjọba ìbílẹ̀ Èkìtì. Òun ló ń gun ọ̀kadà kiri láti kó ohun tó wà nínú rẹ́jísítà wọ̀nyí jọ. Oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n ń ṣe é. Ó ń lọ sí ìpínlẹ̀, láti ìpínlẹ̀ sí Àbújá, láti Àbújá sí Jẹ̀nẹ́fà, níbi tí Àjọ Ìlera Àgbáyé wà. Ètò orí kọ̀ǹpútà ti wọ̀ ọ́ nísinsìnyí, àmọ́ ìwé tí wọ́n fi òwú so bíírò mọ́ yẹn ṣì ni orísun rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fọkàn sí ni pé ibi tí wọ́n ti forúkọ aláìsàn sílẹ̀ ni wọ́n ń kà á sí. Wọn kì í béèrè ìlú bàbá rẹ̀. Ilé ìwòsàn ìkọ́ni ìjọba àpapọ̀ wà ní Ìdó-Èkìtì. Bí ará Òmù-Àrán bá ti Kwara wá síbẹ̀, tí wọ́n sì forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, Èkìtì ni yóò kà á, abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ìdó-Òsì ni yóò sì bọ́ sí. Nítorí náà, ibi tí ilé ìwòsàn ńlá bá wà, iye aláìsàn á máa ga níbẹ̀. Ẹni tó bá wá kọ àkọlé gàdàgbà pé ìlú báyìí ni ikọ́ ife pọ̀ sí jù, ibi tí dókítà pọ̀ sí ló ń sọ fún wa.

Mo rí i kedere nídìí ọ̀rọ̀ àbúrò mi kan, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tó ń ṣiṣẹ́ wẹ́dà ní Ìbàdàn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí ikọ́ ife lára rẹ̀, ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ oògùn. Oògùn yìí, ọ̀fẹ́ ni, àyẹ̀wò rẹ̀ náà sì ni. Oṣù mẹ́fà ni: oògùn mẹ́rin nínú hóró kan fún oṣù méjì, lẹ́yìn náà méjì nínú hóró kan fún oṣù mẹ́rin. Ọ̀sẹ̀ kẹta ni ìyá rẹ̀ ní kó máa bọ̀ wálé ní Ìjerò, kò lè jókòó lókèèrè kí ọmọ òun máa dá oògùn lò. Ọmọkùnrin náà dé pẹ̀lú oògùn nínú ọ̀rá dúdú, kò ní lẹ́tà kankan lọ́wọ́. Ilé ìwòsàn tó ti kúrò ò fún un ní fọ́ọ̀mù. Ó ní òun náà ò sì béèrè.

Mo tẹ̀ lé e lọ. Nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀, àgbà obìnrin, wo ọ̀rá náà, ó wo ojú mi. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ibo ni ìwé rẹ̀ wà?" Mo ní kò sí. Ó fún un ní oògùn ọjọ́ yẹn níṣojú rẹ̀, ó wò ó títí ó fi gbé e mì. Ẹ̀yìn ìyẹn ló wá gbé fóònù, ó sì pe Ìbàdàn títí wọ́n fi gbé e. Nígbà tó ń kọ ọ́ sílẹ̀, kò kọ ọ́ bí ẹni tuntun. Ó kọ ọ́ pé a gbà á láti ibòmíràn. Ká ní ó kọ ọ́ bí ẹni tuntun ni, Nàìjíríà ì bá ka ènìyàn kan lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀kan ní Ọ̀yọ́, lẹ́ẹ̀kan ní Èkìtì. Ìjerò ló ti gba oògùn tó pọ̀ jù, àmọ́ Ọ̀yọ́ ló ni ín nínú ìwé.

Ó tún kù síbì kan. Nígbà tó parí oṣù kẹfà, tí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ mọ́, ìròyìn yẹn gbọ́dọ̀ padà sí Ìbàdàn kí wọ́n lè dí ìlà tó kẹ́yìn nínú rẹ́jísítà ọ̀hún. Bí kò bá padà, wọ́n á kọ ọ́ sí abẹ́ àwọn tí a ò mọ ìgbẹ̀yìn wọn. Ẹni tó bá sì fi oògùn sílẹ̀ fún odindi oṣù méjì léra, abẹ́ àwọn tó sọnù ni wọ́n ń kọ ọ́ sí. Mo mọ̀ dájú pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ìwé ní wọ́n sọnù kò sọnù. Wọ́n kó lọ sílé ìyá wọn ni. Èyí náà ló fà á tí àbájáde ìtọ́jú fi máa ń pẹ́: ìròyìn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde lọ́dún 2024, àwọn tó bẹ̀rẹ̀ oògùn lọ́dún 2022 ló ń sọ bí tiwọn ṣe parí. Wọ́n ní láti dúró kí gbogbo wọn parí ná. Bí ẹ bá rí iye àwọn tí wọ́n rí àti iye àwọn tó gba ìwòsàn nínú ojú ìwé kan náà, ẹ wo ọdún tó wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọn kì í ṣe ẹgbẹ́.

Nínú ènìyàn mẹ́rin tí ikọ́ ife mú, ẹni kẹrin ńkọ́, èyí tí wọn ò rí? Òmíràn wà lórí òkè àdúrà. Òmíràn ń gba ìtọ́jú nílé ìwòsàn aládàáni tí kò kọ nǹkan kan ránṣẹ́ síbì kankan. Ara rẹ̀ lè yá, ìṣirò ò sì ní mọ̀ pé ó wà rí. Èyí tó pọ̀ jù wà níwájú kẹ́mísìtì. Ìdí rèé tí ètò náà fi ń bá àwọn kẹ́mísìtì àti ilé ìwòsàn aládàáni ṣiṣẹ́ báyìí, kí ẹni tó bá ti wúkọ́ tó ọ̀sẹ̀ méjì, tó ń rù, tó ń làágùn lóru, má kàn ra oògùn kó sì máa lọ. Mo gbà pé ibẹ̀ ni ìdá 27 ti di 74, ju inú ọ́fíìsì èyíkéyìí lọ.

Gbogbo èyí ni mo sọ fún Màmá oníyán nígbà tí mo jẹun tán, kì í ṣe bí mo ṣe kọ ọ́ báyìí ṣá. Bàbá ẹlẹ́gúsí ti lọ. Màmá gbọ́ mi dé òpin, ó ń fọ ọwọ́ nínú bàsíà.

"Ẹ jẹ́ n bi yín. Ọmọkùnrin tó háyà yàrá ẹ̀yìnkùlé mi, ó ti tó oṣù kan ààbọ̀ tó ti ń wúkọ́. Ṣé wọ́n ti ka ìyẹn?"

"Ṣé ó ti lọ ṣàyẹ̀wò?"

"Rárá o. Kẹ́mísìtì ló ń lọ."

"Wọn ò tíì kà á nìyẹn, Màmá. Bó bá jẹ́ pé ikọ́ ife ni, inú ebè ló ṣì wà."

Ó nu ọwọ́ mọ́ ìró. Ó ní kí n kọ nọ́ńbà tí wọ́n ń pè lọ́fẹ̀ẹ́ yẹn sílẹ̀ fún òun. Mo kọ 3340 sẹ́yìn páálí Maggi, ó fi sábẹ́ rédíò.